Ibo Ni Kí Òbí Ti Bẹ̀rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Kíkọ́ Ọmọ Ní Jọ́gíráfì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Nínú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, jọ́gíráfì kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Inú Social Studies ni wọ́n fún un mọ́, láàárín ẹ̀kọ́ nípa ẹbí, ìwà ọmọlúàbí àti òfin ojú pópó. Ó di sẹ́kọ́ńdìrì àgbà kí ó tó ní orúkọ tirẹ̀, àwọn tó bá sì yàn án nìkan ló ń ṣe é. Ọmọ lè jáde ìwé mẹ́fà, kí ó mọ olú-ìlú Faransé, kí ó má mọ apá ibi tí Burkina Faso wà sí ilé wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ òbí. Nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ṣàdédé di olùkọ́, àwọn kan nínú wọn kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìbéèrè tó wà níwájú wọn nìyí: báwo ni kí á ṣe kọ́ ọmọ ilé-ìwé, nínú ilé, ní jọ́gíráfì agbègbè tí gbogbo ayé ń pè ní èyí tó ṣì ń gòkè àgbà? Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni mo ń wí, orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún, láti Mauritania dé Nàìjíríà, láti erékùṣù Cape Verde dé aṣálẹ̀ Niger. Agbègbè náà kò dúró sójú kan. Títì ń là, orúkọ orílẹ̀-èdè ń yí padà, abúlé ń di ìlú ńlá kí ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ tó jáde. Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ àti àwọn òbí ń fún ìbéèrè yìí kò jọra, oníkálùkù a sì máa sọ tirẹ̀ bí ẹni pé ti ẹnìkejì kò wúlò rárá.

## Kí ọmọ há a sórí ná

Àwọn tó fara mọ́ àkọ́sórí ló ní ọmọlẹ́yìn jù láàárín àwọn òbí. Wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ há orúkọ sórí: ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, olú-ìlú wọn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká àti owó tí wọ́n ń ná. Máàpù tí àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà ń nà sí ojú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ni wọ́n ń rà lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀.

Kò yẹ kí á fi ojú yẹpẹrẹ wo àkọ́sórí. Òun ni baba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ awo kì í gbé ìwé dání lọ sídìí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀ pé Niamey ni olú-ìlú Niger yóò gbọ́ ìròyìn alẹ́ yé, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì náà sì ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé orúkọ a máa gbó. Ìpínlẹ̀ méjìlá la ní ní 1967, wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, wọ́n di 36 ní 1996. Òbí tó parí ìwé mẹ́fà ní 1990 kọ́ pé inú ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Adó-Èkìtì wà àti pé Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà. Òótọ́ ló kọ́ nígbà náà. Bákan náà ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975: Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, ṣùgbọ́n máàpù tó wà lára ògiri ṣì ń kà wọ́n mọ́ ọn. Èyí tó tún burú ju gbígbó lọ ni pé orúkọ kò so mọ́ra. Ọmọ lè ka Bamako àti Niamey láìṣì, kí ó má sì mọ̀ pé odò kan náà ló gba inú ìlú méjèèjì kọjá.

Àwọn òbí kan ti rí ọgbọ́n dá sí i, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Lórí nọ́ńbà ọkọ̀ Nàìjíríà, orúkọ ìpínlẹ̀ àti àlàjẹ́ rẹ̀ wà lókè: Gateway State ni Ògùn, Pacesetter ni Ọ̀yọ́, Sunshine ni Oǹdó. Lẹ́tà mẹ́ta tó ṣíwájú nọ́ńbà sì ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbà á: KJA ni Ìkẹjà, EPE ni Ẹ̀pẹ́, BDG ni Àgbádárìgì. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lè máa kà wọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Tí wọ́n bá wá bi í pé ọ̀nà wo ni ọkọ̀ Oǹdó yìí gbà dé Ọ̀jọ́ta, ìbéèrè náà ti kúrò ní àkọ́sórí.

## Láti àgbàlá lọ sí ayé

Àwọn tó tẹ̀lé ọ̀nà yìí gbà pé ohun tó wà nítòsí ni ọmọ ń lóye ṣáájú. Èrò náà ti pẹ́ ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, Lucy Sprague Mitchell gbè é lẹ́yìn nínú ìwé Young Geographers tó kọ ní 1934, Paul Hanna sì sọ ọ́ di ètò ẹ̀kọ́ tó ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Social Studies tiwa náà, ọ̀nà yìí ló gbà: ẹbí, àdúgbò, ìlú, ìpínlẹ̀, orílẹ̀-èdè. Ìwádìí tí Jean Piaget àti Anne-Marie Weil gbé jáde ní 1951 fi hàn pé ó ṣòro fún àwọn ọmọ kékeré ní Geneva láti gbà pé ènìyàn lè jẹ́ ará Geneva kí ó tún jẹ́ ará Switzerland lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Ìdànrè náà yóò rò ó kí ó tó yé e pé Ìdànrè, Oǹdó, Nàìjíríà àti Áfíríkà ni òun wà ní wákàtí kan ṣoṣo.

Nínú ilé, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn, kò sì náni lówó. Wọ́n á ní kí ọmọ ya ọ̀nà tó gbà láti ẹnu géètì dé ilé-ìwé. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ilé oníbúrẹ́dì lè tóbi ju ilé ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Òbí tó gbọ́n kò ní bá a pa á rẹ́, yóò ní kí ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà, kí ó tún un yà. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi í pé nígbà tí òjò bá rọ̀, níbo ni omi gọ́tà ń lọ? Ní Ìbàdàn, ìbéèrè yẹn yóò gbé ọmọ dé Ògùnpa, odò kékeré tó ya bo ìlú ní oṣù kẹjọ 1980, kò sì ní dúró títí yóò fi dé ọ̀sà.

Àwọn tó ta ko ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀rí tó lágbára. Ní 1971, James Blaut àti David Stea sọ pé ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lè ka fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè bí máàpù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kieran Egan, onímọ̀ ẹ̀kọ́, ní tirẹ̀ ní ohun tó jìnnà gan-an ló ń fa ọkàn ọmọdé mọ́ra. Ẹni tó bá ti pa àlọ́ fún ọmọ rí mọ̀ pé kò parọ́: ọ̀run ni Ìjàpá ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì bèèrè pé títì wo ló gbà. Ẹjọ́ tí èmi ní pẹ̀lú ọ̀nà yìí ni pé kì í délé. Sáà á parí nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣì wà ní ìpínlẹ̀ wa, Mali á sì di ohun ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní London tún wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé Thames ni odò tó sún mọ́ ọn jù. Tí a bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ìgbà wo ni yóò dé Ọ̀yọ́?

## Omi, òjò àti ilẹ̀

Àwọn mìíràn kò bìkítà fún ààlà. Wọ́n ní ilẹ̀, omi àti òjò ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà sí i, ibẹ̀ ni kí ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀. Odò Ọya ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, èmi náà kò sì rí ẹ̀kọ́ tó dára tó o fún ọmọ agbègbè yìí. Orí ilẹ̀ gíga Gínì ni orísun rẹ̀ wà, níbi tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun Àtìláńtíìkì. Odò náà kẹ̀yìn sí òkun tó sún mọ́ ọn yìí. Ó gba àríwá ìlà-oòrùn lọ, ó kọjá Bamako àti Ségou, ó tẹ́ rẹrẹ sí ilẹ̀ àbàtà ńlá kan ní Mali, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Timbuktu létí aṣálẹ̀, kí ó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù, kí ó gba Gao àti Niamey wọ Nàìjíríà, kí ó pàdé Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja. Nǹkan bí 4,180 kìlómítà ló rìn kí ó tó dé òkun. Ìrìn yìí rú àwọn ará Yúróòpù lójú fún ìgbà pípẹ́. Mungo Park rí i ní Ségou ní 1796 pé ìlà-oòrùn ló ń ṣàn sí, ó sì kú ní Bussa ní 1806 láìmọ ibi tó parí sí. Ó di 1830 kí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander, tí wọ́n gba Àgbádárìgì wọlé, tó tẹ̀lé e dé ẹnu òkun. (Àwọn tí ń tukọ̀ lórí rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò bá wọn wá a.)

Ohun kan wà nípa odò yìí tí gbogbo òbí lè fi tọ́ ọmọ wò. Ní agbègbè Kainji, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lọ́dún. Èkínní ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, omi rẹ̀ pọ́n fún ẹrẹ̀, òjò tó rọ̀ nítòsí ló sì fà á. Èkejì ń dé láàárín ọyẹ́, nígbà tí òjò ti dá, tí ewéko ti gbẹ, omi yìí sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òjò tó rọ̀ ní Gínì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ilẹ̀ àbàtà Mali ló dá a dúró, ibẹ̀ ló sì ti sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, lára iná tí ìdídò Kainji, tí wọ́n kọ́ parí ní 1968, ń fún Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkè Gínì ló ti wá. Ọmọ tó bá lóye èyí ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì lè má mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò. Láti etí òkun lọ sí àríwá, òjò ń dín kù, igbó kìjikìji ń di ọ̀dàn, ọ̀dàn ń di Sàhẹ́lì. Òjò tí ń rọ̀ ní Sókótó lọ́dún kò tó ìdajì ti Èkó. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ibi tó ti kùnà, kò sì yẹ kí á fi pamọ́ fún ọmọ: Accra wà létí òkun, síbẹ̀ òjò rẹ̀ kéré gan-an sí ti Èkó, igbó ńlá sì já lójijì ní apá ibẹ̀ títí wọ Tógò àti Benin.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kù díẹ̀ káàtó ni ti ènìyàn. Odò pọ̀ nínú rẹ̀, apẹja kò sí. Wo ọ̀rọ̀ adágún Chad. Ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ni wọ́n kà á sí. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 sọ ọ́ di ìdá kékeré. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé parí rẹ̀ síbẹ̀: omi gbẹ, ó tán. Wọn kì í sọ pé omi tí wọ́n ń fà sí oko náà wà lára ohun tó fà á, tàbí pé omi ti padà díẹ̀ láti ìgbà náà, tàbí pé àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ ń ṣí tẹ̀lé omi bí ó ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀.

## Ọjà àti ìkòkò ọbẹ̀

Ẹgbẹ́ yìí ló bá ilé mu jù. Wọ́n ní kí òbí gbé ohun tó wà nínú agbọ̀n ọjà kalẹ̀, kí ó bèèrè ibi tí ó ti wá. Àlùbọ́sà: Sókótó tàbí Kẹ́bí, nígbà mìíràn Galmi ní orílẹ̀-èdè Niger, ìlú tí àlùbọ́sà aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ lókìkí káàkiri agbègbè yìí. Tòmátì láti apá Kánò. Iṣu láti Zaki Biam ní Bẹ́núé. Gbogbo wọn dé Mile 12 ní Èkó tàbí Bódìjà ní Ìbàdàn nínú tírélà. Ní ìdàkejì, obì ń ti Ṣàgámù lọ sí Kánò. Kí ló dé tí àlùbọ́sà ń sọ̀ kalẹ̀, tí obì ń gòkè? Obì kò lè gbé níbi tí òjò kò bá ti pọ̀. Àlùbọ́sà ní tirẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ àti oòrùn, kí wọ́n máa fi omi rin ín níwọ̀n. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, á jẹrà. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ bó àlùbọ́sà lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ igbó àti ọ̀dàn kí ó tó rí i nínú ìwé.

Láti orí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ọ̀nà etí òkun láti Abidjan dé Èkó tó 1,028 kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì gbà kọjá: Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Benin, Nàìjíríà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, owó ìrẹsì lọ́jà sọ fún ọmọdé ohun tí ẹnubodè ń ṣe. Ẹ̀kọ́ kòkó náà ń bẹ: Côte d'Ivoire ló ń mú un jáde jù lágbàáyé, Gánà tẹ̀lé e, ilé Cocoa House tí wọ́n kọ́ parí sí Ìbàdàn ní 1965 sì ń rán wa létí ohun tí kòkó ti ṣe fún tiwa rí.

Àmọ́ ọ̀nà yìí ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ òbí. Bí òbí bá bèèrè lọ́wọ́ alátà, ìdáhùn tí yóò gbà kò ju pé ọ̀dọ̀ àwọn Mọ̀lá ni, láti òkè lọ́hùn-ún. Ibi tí ọjà ti ń wá náà a máa yí padà láti oṣù dé oṣù. Ìlú tí kò bá sí nínú ìkòkò ọbẹ̀ yóò kúrò lórí máàpù pátápátá: mélòó nínú wa ló ra nǹkan Guinea-Bissau tàbí Cape Verde rí? Pánla àti ẹja gbígbẹ a sì gbé ọmọ lọ sí Norway kí ó tó mọ Monrovia.

## Ààlà àti ìtàn tó fà á

Fún àwọn tó dúró síbí, máàpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lè yé ọmọ láìsí ìtàn. Ìpàdé Berlin, láti ìparí 1884 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1885, ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Berlin ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlà náà. Èyí tó pín ilẹ̀ Yorùbá, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó ń wo ojú Alákétu, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1976, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ààlà kò lè rí àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé ju èyí lọ. Lónìí, ọmọ Kétu ń fi Faransé kàwé, ó ń ná CFA. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ó ń ná náírà. Àwọn méjèèjì ń kí bàbá wọn ní èdè kan náà. Àwọn ìbátan wa tún wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ní Àtàkpàmẹ̀ ní Tógò.

Ìtàn ló tún ń mú Sierra Leone wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Freetown ni wọ́n kó àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lọ, láti ibẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther ti bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya ní 1841, àwọn tó ti ibẹ̀ padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta la sì ń pè ní Sàró.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ọmọ rò pé òyìnbó ló dá gbogbo nǹkan. Ọ̀yọ́, Dàhòmì, Asante àti Sókótó ti ní ààlà tiwọn, wọ́n ti ń jà lórí rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó wá fa ìlà tiwọn. Òbí tó bá ń kọ́ ìtàn ààlà láìfi èyí kún un ń kọ́ ìdajì.

## Máàpù ògiri àti fóònù

Àríyànjiyàn tó ń lọ lọ́wọ́ lórí máàpù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba òbí. Máàpù tí Gerardus Mercator ṣe ní 1569 ń mú kí Greenland dà bí ẹgbẹ́ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi tó o ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ní 2018 ni àwọn kan ṣe máàpù Equal Earth láti tún un ṣe, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì fọwọ́ sí ìpolongo fún irú máàpù bẹ́ẹ̀ ní 2025. Ẹjọ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà bí ó bá jẹ́ agbègbè yìí nìkan ni ọmọ ń wò, àṣìṣe Mercator kò hàn púpọ̀. Ìgbà tí a bá fi wé Yúróòpù ló ń pa wá lára.

Ní ti fóònù, Google Earth, tó jáde ní 2005, lè gbé ọmọ láti orí afárá Third Mainland dé Timbuktu láàárín ìṣẹ́jú kan, bí dátà bá wà. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí. Makoko, àdúgbò orí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá yẹn gan-an, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù ẹ̀rọ títí di 2019 tí wọ́n fi drónù ya àwòrán rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ènìyàn ló ń ṣe máàpù, ẹni tí wọ́n sì gbójú fò kò ní sí níbẹ̀.

## Báwo ni kí á ṣe sọ ọ̀rọ̀ òṣì?

Níbí ni àwọn òbí ti ń jà jù. Àwọn kan ní kí á sọ òótọ́ fún ọmọ: iná kì í dúró, ọ̀nà kò dára, orílẹ̀-èdè wa wà lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ọmọ di ẹni tó ń tijú ilé rẹ̀. Wọ́n á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí Chimamanda Ngozi Adichie sọ ní 2009 lórí ewu tó wà nínú kí ìtàn kan ṣoṣo máa ṣojú fún ènìyàn. Ẹgbẹ́ kẹta tẹ̀lé Walter Rodney, onítàn tó kọ ní 1972 pé Yúróòpù ló fà wá sẹ́yìn. Lójú wọn, kíkọ́ òṣì láìkọ́ ohun tó fà á kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ kẹrin ni ti Hans Rosling, onímọ̀ ìlera tó ní kí á má tún pín ayé sí méjì, olówó àti tálákà, bí kò ṣe ìpele mẹ́rin. Dollar Street, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé jáde ní 2016, ń fi fọ́tò síbí, ibùsùn àti ìdáná àwọn ìdílé káàkiri ayé hàn, olówó àti tálákà ní orílẹ̀-èdè kan náà.

Ti Rosling ló wù mí jù fún ọmọdé, nítorí ọmọ Bódìjà yóò rí i pé ilé wọn jọ ilé kan ní Brazil ju bí ó ṣe jọ ilé tó wà ní òpópónà kejì lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ ẹni tó jẹ gàba lé ta ni lórí, ibẹ̀ sì ni Rodney ti lágbára jù ú lọ. Àwọn tó ń pọ́n ohun rere nìkan lé ní tiwọn yóò pàdé ọmọ lẹ́nu géètì: gọ́tà tó dí wà níwájú ilé, ọmọ kò fọ́jú.

Iye owó tí à ń fi wọn ìdàgbàsókè náà gba ìṣọ́ra. Ní oṣù kẹrin 2014, Nàìjíríà tún ọrọ̀ ajé rẹ̀ ṣírò, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó di ẹni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta àkàrà kan sí i. Gánà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2010. Ọmọ ọdún méjìlá lè lóye èyí dáadáa, ó sì ń ṣe é láǹfààní ju kí ó há nọ́ńbà sórí lọ.

## Èdè wo ni kí á fi kọ́ ọ?

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, a sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò ṣe kùrẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tó tẹ̀lé èrò yìí ní ọyẹ́, ọ̀dàn, ọ̀sà àti aṣálẹ̀ ti wà lẹ́nu ọmọ, kí ló dé tí a ó fi fi èdè mìíràn tún wọn kọ́? Àwọn tó ta kò wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan: ní 2022 ó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní 2025 ó fagi lé e. Ilé kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Fún àwọn òbí ní London tàbí Houston, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá, nítorí ẹ̀kọ́ odò àti ọjà lè jẹ́ ọ̀nà láti kọ́ èdè fúnra rẹ̀.

## Ohun tí kò tíì yanjú

Ọjọ́ orí tó yẹ kí máàpù bẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú àríyànjiyàn. Ohun tí Piaget rí àti ohun tí Blaut rí kò bára mu, àwọn ọmọ tí wọ́n lò sì jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Kò tún sí ẹni tó lè sọ irú àwọ̀ tí agbègbè náà yóò ní. Mauritania ti fi ECOWAS sílẹ̀ ní 2000. Mali, Burkina Faso àti Niger ti dá ẹgbẹ́ Sàhẹ́lì tiwọn sílẹ̀. Ṣé kí òbí ṣì máa kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ohun kan ṣoṣo, tàbí kí ó pín in sí ti òkun àti ti Sàhẹ́lì? Odò Ọya ń sọ pé ọ̀kan ni. Ìwé ìrìnnà lè máa sọ nǹkan mìíràn bó bá pẹ́.

Àti nọ́ńbà. Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, 2006 ni, wọ́n sì ka nǹkan bí mílíọ̀nù 140. Ohun gbogbo tí ìwé ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, ìṣirò ni, iye tí àjọ kan fún wa sì lè fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí ọmọ bá bèèrè pé ènìyàn mélòó ló ń gbé ní Nàìjíríà, tàbí ní Èkó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà, òbí yóò ní láti fún un ní iye méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì sọ ẹni tó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan.